Ẹni méjì fẹ́ pa kòkòrò nílé mi, owó wọn ò jọra: èwo ni kí n pè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìlú kékeré ni mò ń gbé. Ilé mi ní fúláàtì mẹ́rin. Mo wà nínú ọ̀kan, mo fi mẹ́ta háyà. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ìdun ti gba yàrá àwọn ọmọ mi, ayálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Aáyán wà nílé ìdáná gbogbo wa. Ẹni méjì péré ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nílùú wa. Ẹni kìíní ò wá wo ilé rárá, orí fóònù ló ti dá owó lé e. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa fín in, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Kò ní láísẹ́ǹsì. Ẹni kejì ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni kìíní, ó sì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun máa wá. Àbúrò mi ní kí n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí n ra agolo oògùn tó máa ń tú èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé àṣẹ yẹn já mọ́ nǹkan kan, àbí owó ìwé lásán ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tí ìdun ò bá jẹ rí ló máa ń rò pé ara yíyún lásán ni. Ẹni tó ti là á kọjá mọ̀ pé oorun ni ìdun ń jí lọ, àti ìfọ̀kànbalẹ̀ inú ilé. Kí n tó dé orí owó àti ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹyin ìdun, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín fara pamọ́ sí.

Ẹyin ìdun funfun, gígùn rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 1 lọ, ìyá rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú pàlàpálá igi ibùsùn tàbí ojú rírán fóòmù. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń fín máa ń pa èyí tó ń rìn, àmọ́ kì í ran ẹyin. Níbi tí ooru bá wà dáadáa, ọjọ́ 6 sí 10 ni ẹyin náà fi ń pa. Ọmọ tó bá jáde á wá ẹ̀jẹ̀ mu, á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó di àgbà tó ń yé ẹyin tirẹ̀, ìyẹn sì lè gba bí ọ̀sẹ̀ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni kìíní bá fín ilé yín lẹ́ẹ̀kan tó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ ó sun oorun àsùnwọra fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó sì máa yìn ín fáwọn aládùúgbò. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ yín á tún bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Owó rẹ̀ ti wà lápò rẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹni kejì fẹ́ padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé gbogbo ẹyin á ti pa, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tíì dàgbà débi tí wọ́n á yé òmíràn. Àlàfo kékeré yẹn ló ń wá. Ìgbà kẹta ló máa fi wò ó bóyá ó ṣẹ́kù síbì kan. Ẹyin ìdun ló bá a ka ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ojúkòkòrò.

Ìyẹn ló mú wa dé orí owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oògùn làwọn ń rà, nítorí náà wọ́n gbà pé ẹni tó bá pe owó kékeré ló ṣe àwọn lóore. Mo ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì lè fi dá yín lójú pé oògùn kì í sábà jẹ́ apá tó tóbi jù nínú owó iṣẹ́. Ojú tó wo ilé àti ẹsẹ̀ tó padà wá lẹ ń sanwó fún. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìdun gidi á tú ibùsùn palẹ̀. Á fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán fóòmù, ihò ìṣó, ẹ̀yìn pátákó ibùsùn níbi orí, etí kápẹ́ẹ̀tì, ìdérí ihò iná àti ẹ̀yìn àwòrán tí ẹ gbé kọ́ ara ògiri. Àwọn àmì tó kán dúdú bíi tádàwà sára aṣọ ló ń wá, àti awọ tí ìdun bọ́ sílẹ̀, àti ẹyin fúnra rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo lè gbà á tó wákàtí kan. Ẹni tó dá owó lórí fóònù, kí ló rí tó fi mọ iye tó yẹ kó gbà? Omi oògùn ike kan ló fẹ́ tà fún yín, yálà ó tó tàbí kò tó.

Yàtọ̀ sí àkókò tó ń lò, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín wà níbẹ̀, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó tó fi ń sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun, àti owó adójútòfò. Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí oògùn bá ta sára ọmọ ayálégbé yín, tàbí tó ba àga olówó ńlá jẹ́, adójútòfò oníṣẹ́ ló yẹ kó san án. Bí oníṣẹ́ ò bá ní in, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ onílé ni wọ́n máa kọjú sí. Ní ìlú kékeré, gbogbo ìnáwó yìí máa ń wúwo sí i lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, torí iṣẹ́ ò pọ̀. Ẹni tó ní oníbàárà mẹ́ta lọ́sẹ̀ á pín ẹrù ọdún rẹ̀ sórí àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹni tó ní ọgbọ̀n á pín in sórí ọgbọ̀n. Torí náà owó tí wọ́n ń gbà nílùú ńlá kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ẹ lè fi wọn ti ọ̀dọ̀ yín.

Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó tirẹ̀. Iye yàrá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò ti ìdun. Ti ikán, bí ìpìlẹ̀ ilé ṣe gùn tó yípo ni, torí inú ilẹ̀ ni oògùn ń lọ. Ti eku, iye ihò tó yẹ kí wọ́n dí. Ẹ̀lírí lè gba ihò mìlímítà 6 kọjá, nítorí náà ẹni tó bá da májèlé sílẹ̀ láìdí ihò á máa rí iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ yín lọ́dọọdún. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn ti àbúrò yín, torí ó rọrùn: ẹ má ra agolo yẹn. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní Ohio State University dán irú agolo bẹ́ẹ̀ wò lórí ìdun, wọ́n sì rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ní 2019, àwọn ti North Carolina State University dán an wò lórí aáyán nínú ilé tí èèyàn ń gbé, iye aáyán inú ilé ò dín kù. Ìdí rẹ̀ ò ta kókó. Èéfín náà á gòkè, á sì balẹ̀ sórí tábìlì, sórí ibùsùn, sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé. Kì í wọ inú pàlàpálá, inú pàlàpálá sì ni ìdun àti aáyán wà. Ó tún lè gbiná bó bá kan iná ìdáná. Kòkòrò ò kú, ẹ̀yin lẹ wá ń fọwọ́ kan oògùn lójoojúmọ́.

Ó wá ku ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní ọdún 1996. Ìjọba rí i pé àwọn kan tí kò ní ìwé àṣẹ ti ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fín methyl parathion láti pa aáyán. Oògùn oko òwú ni. Ipele tó léwu jù lọ, Ia, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi í sí. Níta gbangba, oòrùn máa ń tètè fọ́ agbára rẹ̀. Nínú ilé, níbi tí oòrùn ò dé, ṣe ló máa ń dúró sára ògiri pẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ìdílé ní láti kó jáde nílé wọn, wọ́n yọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ ara ògiri, wọ́n tún un ṣe. Ilé ẹjọ́ sì dá àwọn kan lára àwọn tó fín in lẹ́bi. Kí ló gbé oògùn yẹn wọlé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn? Owó rẹ̀ kéré, aáyán sì ń kú lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ló wà nínú ike.

Ohun tí ìwé àṣẹ wà fún gan-an nìyẹn: kó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ìbéèrè yẹn di dandan fún. Mi ò ní tàn yín jẹ pé ìwé àṣẹ ń sọ èèyàn di ọ̀jáfáfá. Mo ti rí oní-láísẹ́ǹsì tó fín ilé láìgbé fóòmù sókè. Ṣùgbọ́n ìwé náà so orúkọ èèyàn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan, ó ti ṣe ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ oògùn tó lò àti iye tó lò sílẹ̀, bó bá sì ṣe é níṣekúṣe, ibì kan wà tẹ́ ẹ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ tí wọ́n á gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní in, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta lẹ ó bá sọ ọ́? Á kàn yí nọ́ńbà fóònù padà ni.

Ìwé tẹ́ ẹ máa béèrè kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan jẹ́ ti iléeṣẹ́, tó fàyè gbà á láti ṣòwò. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó máa di ẹ̀rọ ìfín mú lọ́wọ́. Ìlú kékeré sì ni èyí ti sábà máa ń wọ́: ọ̀gá ló ní ìwé ẹ̀rí, ọmọṣẹ́ ló ń wá. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà kí ọmọṣẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ní ìwé, àmọ́ ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ máa mójú tó o, kó sì dáhùn fún un. Ẹ béèrè ẹni tó ń bọ̀ gan-an, ẹ má wo orúkọ ara ọkọ̀ nìkan. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà máa parí, kẹ́ ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ láti fín oko kì í ṣe ìwé àṣẹ láti fín ilé. Ẹ má tijú láti pe ọ́fíìsì tó fún un níwèé, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ sí wọn létí. Kò gba àkókò, ẹni tó mọ̀ pé òun mọ́ kò sì ní bínú sí i.

Ẹ̀kẹta wà lára ìgò oògùn fúnra rẹ̀: nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba fún oògùn náà, orúkọ èròjà tó ń pa kòkòrò, àti ibi tí wọ́n ní kí wọ́n lò ó. Bí ìgò náà bá jẹ́ ti oko, kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ọmọ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tún máa ń fi ọ̀já aláwọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ara ìgò. Pupa ló léwu jù, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ló sì gbẹ̀yìn. Bí oníṣẹ́ bá gbé oògùn wá nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike tí kò ní ìwé lára, ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òórùn tàn yín. Mo ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà pé, “Oògùn yẹn le, òórùn rẹ̀ wà nílé fún ọjọ́ mẹ́ta.” Òórùn kì í ṣe agbára. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò kan, ń rùn gan-an, ipele Ib, tó tẹ̀ lé Ia nínú ewu, ló sì wà lọ́dọ̀ WHO. Iṣan ara ló ń bá jà, kò sì ya tèèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti kòkòrò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn kan máa ń fi hóró oògùn kékeré aláwọ̀ eérú sábẹ́ ibùsùn tàbí sínú wọ́dírọ́ọ̀bù láti pa ìdun, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn pa títí di ọjọ́ kejì. Aluminium phosphide ni. Bó bá pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á di afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní phosphine. Ọkà inú àká ńlá ni wọ́n ṣe é fún, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, òkè àjà àti ihò wáyà wọ yàrá kejì, kò sì sí oògùn kankan tó ń pa agbára rẹ̀ lára ẹni tó bá fà á símú. Ó ti pa àwọn ọmọdé tó ń sùn ní yàrá tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan sí. Wọ́n pè mí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ti lọ, ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì ń bì, wọ́n rò pé oúnjẹ ni. A gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì bá wa dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ilé yín ní fúláàtì mẹ́rin tó fara kanra. Bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ bá dárúkọ hóró oògùn, ẹ ní kó máa lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ayálégbé yín pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ọ̀rọ̀ fúláàtì yẹn tún ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fín yàrá kan ṣoṣo nínú ilé alágbèérò nítorí pé ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lówó lọ́wọ́. Ìdun tí kò kú gba ìdí páìpù sá lọ sí yàrá kejì, láàárín oṣù kan àwọn ará ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń pè mí. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n, mo sì tún gbogbo yàrá náà ṣe láìgba owó, torí àṣìṣe tèmi ni. Yàrá yín àti ti ayálégbé yín tó ń họra ti di ọ̀kan náà lójú ìdun. Ọjọ́ kan náà ló yẹ kí wọ́n wò wọ́n, ọjọ́ kan náà ló yẹ kí wọ́n fín wọn. Fúláàtì méjì tó kù, ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Níbí lẹ ti lè rí owó dín kù. Ẹ má bẹ ẹni kejì pé kó dín ìgbà tó máa wá kù. Bó bá gbà, ẹyin ìdun ò ní gbà. Ẹ sọ fún un pé fúláàtì mẹ́rin ni, ìrìn kan náà ló máa fi ṣe gbogbo wọn nígbàkígbà tó bá wá, kó ṣírò rẹ̀ pọ̀. Owó ọkọ̀ àti àkókò ìrìn ò ní jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Bí aládùúgbò kan bá wà tó ń jìyà kan náà, ẹ fi tiẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ aáyán kúrò nínú iṣẹ́ náà bí owó ò bá tó, torí aáyán lohun tẹ́ ẹ lè bójú tó fúnra yín.

Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Aáyán kékeré tó máa ń kún ilé ìdáná máa ń gbé àpò ẹyin rẹ̀ kiri títí ẹyin á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ẹyin 30 sí 40 ló sì lè wà nínú àpò kan. Fínfín kì í wọ inú àpò yẹn dáadáa. Ìdẹ ló dára jù: oògùn jẹ́ẹ̀lì inú síríńjì tó ní ìforúkọsílẹ̀ fún lílò nínú ilé. Ẹ kán an ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́ sí kọ̀rọ̀ abẹ́ síǹkì, ìdí fíríìjì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀gbẹ́ páìpù, níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò dé. Aáyán á jẹ ẹ́, á padà sínú ihò, àwọn tó kù á jẹ ìgbẹ́ àti òkú rẹ̀, májèlé á sì kárí wọn. Ẹ má fín ohunkóhun sí tòsí ìdẹ náà, torí aáyán ò ní súnmọ́ ọn mọ́. Ẹ dí páìpù tó ń jò, ẹ má fi àwo àìfọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún ìdẹ kán lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe é pa pọ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìdun ni kẹ́ ẹ fi owó yín lé. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bi ẹni kejì léèrè oògùn tó fẹ́ lò gan-an. Ìdun ibi púpọ̀ láyé ni irú oògùn tí wọ́n ń pè ní pyrethroid ò ràn mọ́, ara wọn ti le sí i. Bó bá dá yín lóhùn pé òun ní irú méjì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí pé òun á fi ooru kún un, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ní “oògùn wa ń pa gbogbo nǹkan,” ẹ tún béèrè. Kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbà mélòó lòun máa wá, ọjọ́ wo, yàrá wo, àti ohun tóun máa ṣe bẹ́ ẹ bá tún rí ìdun lẹ́yìn ìgbà kẹta. Gàràńtì tí kò sọ ohun tó máa ṣe bí iṣẹ́ bá kùnà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí bí ìgbà tó máa wá ṣe jẹ́, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà. Ẹ sọ fún un bí aboyún, ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà bá wà nínú ilé. Ológbò àti ẹja inú gíláàsì náà kì í lè fara da pyrethroid, kẹ́ ẹ tètè gbé wọn kúrò.

Àwọn ohun tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe kó tó dé, ẹ ṣe é pátá, torí ara iṣẹ́ ni. Ooru ni ọ̀tá ìdun tó dájú jù lọ: bó bá ti tó ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àgbà àti ẹyin rẹ̀ á kú láìpẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná tó ìwọ̀n 60 fọ aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn ọmọ, tàbí kẹ́ ẹ kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dì í sínú àpò ọ̀rá títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ má gbé fóòmù jù síta. Ẹlòmíràn á gbé e lọ sílé rẹ̀, ìdun á sì bá a lọ. Ẹ má sì kó àwọn ọmọ lọ sùn ní yàrá míì. Mo mọ̀ pé ó dun ìyá láti gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ìdun á tẹ̀ lé wọn débẹ̀, yàrá méjì á sì wá di iṣẹ́ níbi tó ti jẹ́ ọ̀kan.

Ní ti ẹni kìíní, mi ò pè é ní èèyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ wa ló bẹ̀rẹ̀ báyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfín kan àti ebi nílé. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé kó lọ bá ẹni kejì kọ́ṣẹ́, kó ṣe ìdánwò. Ìlú tó ní ẹni méjì tó ní ìwé á sàn fún gbogbo yín ju ìlú tó ní ẹyọ kan lọ, owó náà á sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà yẹn, mi ò ní jẹ́ kó wọ yàrá àwọn ọmọ mi, mi ò sì lè ní kó wọ tiyín.

Ẹ pe ẹni kejì lọ́la. Ẹ ní kó wá wo ilé kẹ́ ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ owó mọ́, kó mú ìwé rẹ̀ dání, kó sì mú ìgò oògùn tàbí ìwé ara rẹ̀ wá kẹ́ ẹ rí i. Bó bá dé, ògiri tó wà láàárín yín àti ayálégbé yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ.